Ohun Tí Ẹ Ń Wá Kò Sọnù

Bàbá Ìbejì, ẹ má tún padà lọ gbọn eruku igi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yín o. Ohun tí ẹ ń wá kò sọnù.

Bí ẹ ṣe sáré jáde láàárọ̀ tí ẹ gbàgbé fóònù, mo pe dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ọwọ́ yín. Mo ní ẹ jí, ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́, ẹ ò bá kókó kékeré tí wọ́n fi di iṣan yín níbẹ̀ mọ́, lẹ bá ti àwọn ọmọ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé kí wọ́n wá a. Dókítà rẹ́rìn-ín títí! Ó ní ṣe ni wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí iṣan tó já ṣe ń so pọ̀. Wọ́n kúkú sọ ọ́ ní ọsibítù, "mo ti gbọ́, mo ti gbọ́" lẹ̀ ń wí.

Ṣebí ẹ̀yin náà máa ń fokùn di àga tí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tó bá gbẹ, ẹ ó tú u? Tiyín ló tú ara ẹ̀.

Dókítà fẹ́ fojú rí ọwọ́ yín lọ́la. Ẹ má gbé pákó. Àwọn ọmọ rí yẹtí mi tó ti sọnù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ṣeun.

Àyà mi já ju tiyín lọ, mi ò kàn jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni. Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀hún já ìwé yìí kúrò lára ilẹ̀kùn. Bí ìka márààrún bá dì í mú, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ bá mi fi pamọ́.