Wọ́n Gbowó Ìkíni Lọ́wọ́ Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. A ti kun ilé, maṣíìnì ìránṣọ mi náà sì ti ń gbọ́ràn.

Ọkàn mi ò balẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ra ọsibítù àdúgbò wa, gbogbo nǹkan ló sì ti gbówó lórí níbẹ̀. Níjọ́ kan, dókítà pàdé Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kí wọn pé, "Ṣé ara le, Mà?" Màmá ní, "Kò fi bẹ́ẹ̀ le, ọmọ mi, àyà ń dùn mí." Kí Màmá tó dé ẹnu ọ̀nà, akọ̀wé ti ní kí wọ́n san owó àyẹ̀wò nítorí ìkíni yẹn. Mo lọ bá ọ̀gá ibẹ̀, mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó ní àṣẹ àwọn tó ra ibẹ̀ ni, òun náà ò rí wọn rí. Alátakò ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè mí báyìí.

Èyí tó dùn mí jù ni pé láti ìgbà náà, ẹni yòówù tó bá bi Màmá pé ṣé ara le, àní èmi, "Ó le koko" ni wọ́n ń fi fèsì. Lánàá mo bá wọn tí wọ́n di ògiri mú, tí wọ́n ń mí lókèlókè. Wọ́n ní ara le koko.

Bí ẹ bá pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n pé ṣé ara le. Ẹ ní kí wọ́n ṣàdúrà fún yín, kí ẹ wá fetí sí ibi tí èémí wọn ti ń já.

Àdúrà tèmi kúrú: kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ dé bá wọn.

Àbúrò yín,
Alátakò.