Ìwé Àdéhùn Lọ́wọ́ Aláìsàn

Màmá mi ní Ṣábẹ̀ẹ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, mò ń jẹun, Àjàṣẹ́ sì tù mí lára. Àǹtí Mariamou tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Tokpota ní kí n kí yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa pa yín lẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dìde láàárín ẹ̀kọ́, ó ń dá ohùn náà lóhùn, ó sì ń sunkún. Àwọn ọlọ́gbọ́n wa bá pe ìpàdé lé e lórí. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n, kò sí dókítà níbẹ̀, ẹnì kan ò sì bi í bóyá ó ń rí oorun sùn. Ọ̀gá wọn, Mùsíè Innocent, tí táì fún lọ́rùn, bi ọmọ náà pé, "Ta ló fún ẹ láyè láti sọ̀rọ̀?"

Ni wọ́n bá kọ ìwé àdéhùn pé kò ní gbọ́ ohùn náà mọ́ nínú ọgbà ilé-ìwé, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e. Bí òǹtẹ̀ bá ń wo àrùn, ká kúkú lù ú mọ́ orúnkún yín. Faransé ti kún orí wọn, làákàyè ò ráyè jókòó níbẹ̀.

Kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì títí ìyá rẹ̀ á fi fọwọ́ sí i. Èmi náà ń ráyè fọṣọ dáadáa báyìí.

Mo kí Akambi, àbúrò mi, tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Ìwé àdéhùn náà wà nínú àpòòwé yìí. Orúkọ mi ló wà lókè. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ tẹ ìka yín sí.

Ọmọ yín,
Kamilath