Fésì Ìmọ́lẹ̀ àti Síkẹ́ẹ̀tì Tí Kò Dé

                                        Ilé Alájì Mùsáfírù,
                                        Ẹ̀yìn Yunifásítì,
                                        Ìbógun, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́rú, 16 oṣù Keje, 2025.

Àjíbíkẹ́ mi àtàtà, télọ̀ tí àdéhùn rẹ̀ kì í yẹ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ara Bọ̀dá Lásúnkànmí ńkọ́, ṣé ibà yẹn ti lọ pátápátá? Qudrah ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ, àbí òun náà ń dájọ́ fún eyín bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dájọ́ fún oníbàárà? Ẹ kú òjò, ẹ sì kú ẹrẹ̀ Mówè. Èmi wà ní àlàáfíà, Alhamdulilahi. Lẹ́tà ni mo kọ lọ́tẹ̀ yìí, torí bí mo bá pè ọ́, wàá ní máṣíìnì ń pariwo, o kò gbọ́. Sàhéèdì awakọ̀ ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́, mo sì ti ní kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán.

O rántí ọjọ́ tí mo sọ fún ọ pé fésì ni mo ń ṣírò fún iṣẹ́ àṣekágbá mi? O ní ṣé mo ti di òṣìṣẹ́ iná ni, kí n yáa wá bá yín yí fésì àdúgbò yín. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀. Fésì tèmi kì í ṣe ti orí òpó. Ìmọ́lẹ̀ a máa mì bí omi: a ga, a rẹlẹ̀, a tún ga. Ibi tó bá dé nínú mímì yẹn nígbà tó ń jáde ni fésì rẹ̀. Wọ́n to dígí oríṣi méjì tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ léra wọn, wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn bí ìlà aṣọ òfì. Ìmọ́lẹ̀ ń yára nínú ọ̀kan, ó ń wọ́ nínú èkejì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi kọ̀ǹpútà ṣírò fésì ìmọ́lẹ̀ tó bá là wọ́n kọjá, kó sì bá ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n mu.

Kò bá a mu. Dókítà Ọmọ́títí, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, sọ pé bí n kò bá rí ìdí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, n kò ní dúró níwájú àwọn olùdánwò, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àjíbíkẹ́, mo sunkún. Ìwọ náà mọ̀ pé màmá mi ti ń pè mí ní ẹnjiníà lójú gbogbo Ìfọ̀.

Ibi tí mo ti ń nu imú ni ọ̀rọ̀ rẹ ti wọlé lórí Wasáàpù, pé síkẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà ti wà lọ́wọ́ Sàhéèdì láti ìjẹta. (Sàhéèdì ní òun kò rí okùn lásán.) Inú bí mi, mo na ìka, mo ń kà á: òní, àná, ìjẹta. Ìka mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ òru méjì péré ló wà láàárín. Mo tẹjú mọ́ ìka òní, ni mo bá rántí Ìyá Àgbà wa. Ṣé o rántí bó ṣe máa ń ka ọjà ọrọọrún tó ti ń ta ọṣẹ dúdú? Ọjọ́ ọjà tó fi parí kíkà kan náà ni yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò jẹ́ yọ òní sílẹ̀ láéláé.

Bí mo ṣe ka dígí gan-an nìyẹn! Ayára, awọ́, ayára: mo ní mẹ́ta ni ìdì kan, torí lọ́kàn mi, èyí tó parí ìdì kan ló tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kọ̀ǹpútà kò bá wa ná ọjà Ìfọ̀ rí. Ó to mẹ́ta-mẹ́ta bí mo ṣe wí, ayára méjì wá ń fẹ̀gbẹ́ kanra níbi tó yẹ kí ẹyọ kan wà. Mo sọ ọ́ di méjì-méjì, mo fi ayára kan kádìí rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Mo pariwo débi pé onílé wá wò mí.

Dókítà béèrè ibi tí àṣìṣe náà ti wá. N kò mọ bí mo ṣe lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, mo bá fi Yorùbá ro ẹjọ́ Ìyá Àgbà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ní ìjẹta, mo dúró níwájú wọn nínú síkẹ́ẹ̀tì Nurat tí a jọ ń gbé yàrá, píìnì ló dì í mú ní ìbàdí mi. Mo yege, Àjíbíkẹ́! Wọ́n béèrè ìgbà tí n óò mú ìwé tí mo tún ṣe wá, mo ní ọrún òní. Dókítà wò mí.

"Wòsílátù, ọrún ti ọjà ni, àbí ti kọ̀ǹpútà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ní tèmi, omi ń bọ́ lójú mi, torí ó wù mí kí Ìyá Àgbà wà láyé kó gbọ́ ọ.

Màmá mi ń se oúnjẹ ọpẹ́ ní Ìfọ̀. Kí ìwọ, Bọ̀dá àti Qudrah wá. Bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ, ẹ̀yin onísùúrù. Bí síkẹ́ẹ̀tì náà kò bá tíì parí, mú aṣọ rẹ̀ bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọrún òní ni o, lọ́jọ́ Àìkú. Kà á bí Ìyá Àgbà ṣe kọ́ wa: "Ẹ má yọ òní sílẹ̀, òní náà ọjọ́ ni."

                                        Èmi ni tìrẹ tí kì í yọ òní,
                                        Wòsílátù onífésì.