Ìlà Tí Bọ́lárìnwá Kà Sódì

                                        27, Òpópónà Abọ́sẹ̀dé,
                                        Àgùdà, Sùúrùlérè,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, 2025.

Àrìnpé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Bọ́lárìnwá àbúrò rẹ ló sì bí mi nínú.

Ìwọ lo ní kí n bá a wá iṣẹ́. Mo mú un wọ ọ́fíìsì wa ní Yábàá, níbi tí a ti ń ya àwòrán ilé, mo sì kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní. Èyí tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, mo pè é ní òde. Èyí tó kọjú sí kọ̀ǹpútà wa, mo pè é ní ilé. Mo kọ òfin sí i pé ohunkóhun tí a kò pè kò gbọdọ̀ ti òde wọlé. Ráútà kì í gba àmì ohùn, torí náà "ode ma wole" ni mo fi ṣe àkọlé òfin náà.

Àbúrò rẹ gbé e lọ bá Àǹtí Caroline, ọ̀gá wa. Ó ní "Ọ̀dẹ̀, má wọlé" ni mo kọ, pé Àǹtí ni mo ń bú torí wọ́n máa ń gbàgbé páásíwọọ̀dù. Lójú gbogbo ọ́fíìsì ni wọ́n lé mi. Bọ́lárìnwá jókòó sórí àga mi, ó ní èébú ni òfin yẹn, ó pa á rẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì fi wọlé, wọ́n ba àwòrán àwọn oníbàárà jẹ́ pátápátá.

Ta ni wọ́n wá pè? "Jameelah, abeg, má bínú, come back jọ̀ọ́." Mo ní mo gbọ́, àmọ́ kí Bọ́lárìnwá kọ́kọ́ dìde ka ìlà yẹn sókè, pẹ̀lú ohùn tó tọ́. Ó kà á: "Òde, má wọlé." Ó dùn mọ́ mi ju ẹran Iléyá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán lọ.

Mo dí òde padà, mo sì dí ọ̀nà kọ̀ǹpútà Bọ́lárìnwá mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ló lè rí báyìí. Tó bá ní nẹ́tíwọ̀kì òun ò lọ, mo máa ń ní kó pa á, kó tún tàn án. Kò rí iṣẹ́ kankan ṣe, Àǹtí sì ti ń wò ó bí ọ̀lẹ. Lánàá ó tẹ̀lé mi dé Àgùdà, ó dọ̀bálẹ̀: "Àǹtí Jameelah, ẹ ṣí i fún mi now, wọ́n fẹ́ sack mi." Mo ní kó dìde, kó má ba aṣọ jẹ́. Mi ò ṣí i.

Mo mọ̀ pé wọ́n máa rán ọ sí mi, ni mo ṣe tètè kọ̀wé. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Wá jẹun, wá sùn, ṣùgbọ́n má wá bẹ̀ mí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí Mabel àti Iṣẹ́olúwa, kí o sì kúnlẹ̀ kí Màmá fún mi. Mi ò kí Bọ́lárìnwá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ síbẹ̀,
Jameelah.