Ohùn Yín Tó Kù ní Láíbìrì

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìkíni ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ara le níwọ̀nba. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní warehouse tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní Union City, orí ìdúró ni mò ń wà títí shift á fi parí, orúnkún ọ̀tún yẹn ò sì tíì dákẹ́. Yàrá yín wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Mo ti ṣírò iye tí ayálégbé lè máa san lóṣù, ó dáa gan-an ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè kó bàtà yín kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìlú ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní ìlú kékeré tí a wà lókè òkun níbí: wọ́n á dí títì, àwọn ọmọ ilé ìwé á fun fèrè kọjá, ọkọ̀ panápaná á tẹ̀lé wọn, àwọn àgbàlagbà á wa mọ́tò àtijọ́ wọn jẹ́jẹ́, wọ́n á máa ju súìtì sáwọn ọmọdé. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé àga fún yín sábẹ́ igi. Gbogbo ẹ̀ kọjá tán, ẹ wá bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n máa ka ìtàn ìlú, ta ló sì máa kà á. Mo ní kò sí ìyẹn níbí, ẹ jẹ́ ká máa lọ kí mọ́tò tó pọ̀ lọ́nà.

Lọ́dún yìí, wọ́n fẹ́ sọ ìtàn náà. Miss Loretta ló wà nídìí ẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin dúdú ará ibí tó máa ń wà ní láíbìrì. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, ẹni tó ń juwọ́ sí mi nígbà tí mo bá wá gbé yín ni. Kí n má purọ́ fún yín, torí pé ọ̀fẹ́ ni láíbìrì ni mo ṣe ń já yín síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó lọ́sàn-án, owó ọjọ́ kan níbẹ̀ ju ohun tí mò ń rí ní ìdajì ọjọ́ lọ. Mo wo láíbìrì, ó tutù, ilé ìtọ̀ wọn mọ́, kò sẹ́ni tó máa lé yín. Mo di ìrẹsì fún yín, mo wa mọ́tò mi lọ. Mi ò bi yín rí pé kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́.

Àṣé Miss Loretta ń kó àwọn àgbà ìlú jọ, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ bí ìlú ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà jókòó láàárín wọn. Nígbà tó kàn yín, ó gbé ẹ̀rọ náà síwájú yín, ó ní kí ẹ sọ ìtàn ti ìlú yín. Ẹ mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ yé. Ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Yorùbá látòkè délẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìlú ló pè mí. Ó ní kí n wá gbọ́ ọ, kí n sọ ọ́ fún òun lédè òyìnbó, kí wọ́n lè kọ díẹ̀ sábẹ́ fọ́tò yín. Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti bi í pé èló ni wọ́n ń san fún ògbufọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìlú ò lówó, àmọ́ àwo barbecue kan, ẹran sísun, wà fún mi lọ́jọ́ náà. Mo gbà, torí ọjọ́ ìsinmi mi ni.

Bàbá, mo ki íápíìsì bọ etí, ohùn yín sì jáde. Kí ẹ tó kí ẹni kẹta ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ rò pé káséètì ni. Ẹ rò pé bíi ti ayé ọjọ́sí ni, tí àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun máa ń sọ̀rọ̀ sínú káséètì, tí wọ́n á fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, tí gbogbo wa á yí rédíò ká, tí a ó máa dáhùn bí ẹni pé ẹni náà wà ní pálọ̀. Ẹ kí Bàbá Kékeré, àbúrò yín. Ẹ dákẹ́ kó lè dáhùn. Ẹ kí ìyàwó rẹ̀, ẹ tún dákẹ́. Ẹ kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè òrùlé tó ń jò lẹ́yìnkùlé, ẹ sì dákẹ́ pẹ́. Miss Loretta ní òun rò pé ẹ ń ronú ni.

Ẹ wá wọ inú ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀yin àti Bàbá Kékeré, ọmọ bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀, ò tíì sọ̀rọ̀ síra yín fún ọdún mọ́kàndínlógún, àti pé ọjọ́ ìlú ní Ìsẹ́yìn ló dá a sílẹ̀, lọ́dún tí wọ́n ní kí ẹ ka ìtàn agboolé wa ní gbọ̀ngàn. Ẹ ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi rí. Ẹ sọ ọ́ fún ẹ̀rọ Miss Loretta.

“Àbúrò mi, mi ò gbàgbé orúkọ ìyá rẹ lọ́jọ́ náà. Ó wà lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Mo rí i, mo fò ó.”

Ẹ ní àgbà kan ló fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, pé obìnrin tó kẹ́rù jáde nílé ọkọ, wọn kì í kà á mọ́ àwọn ìyá agboolé. Ẹ ò fẹ́ àríyànjiyàn, ẹ gbà. Bẹ́ẹ̀ òun, Àjọkẹ́, ló pọ̀n yín nígbà tí àìsàn dá ìyá tó bí yín dúbúlẹ̀. Inú àwo rẹ̀ lẹ ti ń jẹun títí ẹ fi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òun ló mú yín lọ́wọ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní kí Bàbá Kékeré kó àwọn ará ilé jọ, kó fi káséètì náà sí rédíò, kí gbogbo wọn gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu yín. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ní bó bá ti dárí jì yín, kó fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ń retí.

Ẹ sì retí lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ bàtà, ẹ̀ẹ́ bi mí: ṣé kò sí iṣẹ́ tí wọ́n rán wá láti ilé? Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Mo sọ ọ́ fún dókítà, ó fún yín lóògùn, ẹ ń lò ó láìjiyàn. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣe shift méjì pọ̀, ó sú mi, mo ní ẹni tí kò kí yín láti ọdún mọ́kàndínlógún, ṣé òní ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ wọ yàrá lọ. Ẹ ò béèrè mọ́ títí ẹ fi kú.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti fi ohùn ránṣẹ́? Àbí ẹ sọ, tí èmi ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò? Ṣé ẹ kú pẹ̀lú èrò pé ó gbọ́, tó sì kọ̀ yín? Nígbà tí mo pè wọ́n nílé láti túfọ̀ yín, ọmọ Bàbá Kékeré ló gbé fóònù, bàbá náà fúnra rẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀. Àṣé kò gbọ́ nǹkan kan.

Miss Loretta ń wojú mi, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lè purọ́ pé ọ̀rọ̀ oko lẹ ń sọ. Ta ló máa já mi? Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ni mo sọ fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ìyá ìyá òun fọṣọ fún gbogbo ilé tó wà ní títì kan níbí, pé orúkọ àwọn tó ni aṣọ ni wọ́n fi sọ títì náà, tiẹ̀ ò sì sí nínú ìwé ìlú kankan. Ó wá ní kí n pe lẹ́tà Àjọkẹ́ fún òun, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Lọ́jọ́ ìlú, ní Sátidé, fọ́tò yín àti ẹ̀rọ tó gbé ohùn yín wà lábẹ́ tẹ́ǹtì níwájú téṣàn ojú irin àtijọ́, ẹ dé fìlà aláwọ̀ ewé yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé Àjọkẹ́ ará Ìsẹ́yìn ló tọ́ ọkùnrin yìí dàgbà. Òyìnbó àti dúdú ń dúró, wọ́n ń ki íápíìsì bọ etí, wọ́n ń mi orí sí ìkíni yín. Ìyá kan tiẹ̀ bi mí pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni Àjọkẹ́ ń lọ níbí. Barbecue náà gbẹ, mo jẹ ẹ́, mo tún gba àwo kejì dání, owó iṣẹ́ mi ni.

Miss Loretta ti fi ohùn yín sórí fóònù mi, ṣùgbọ́n títí di Sátidé yẹn, mi ò tíì fi ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré. Mo ti wo ohun tó máa ná mi. Bó bá gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti há. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ tẹ́ǹtì yẹn, mo rí i pé gbogbo ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ló ti gbọ́ ọ tán, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ló kù. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pẹ́, èmi ni.

Ọjọ́ kẹrin ni ohùn tirẹ̀ wọlé. Kò kí mi. Ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó wúkọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Àwọn àgbà tó jókòó lọ́jọ́ tí ẹ fo orúkọ ìyá mi, wọ́n ti kú tán. Ta ni kí n wá kó jọ?”

Ó parí síbẹ̀. Mo tún un gbọ́ títí, mò ń wá ìdáríjì nínú ẹ̀, bóyá ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tó bọ́ mọ́ mi létí. Mi ò rí i, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo rí i. Mo pè é, kò gbé e. Ṣùgbọ́n ó pè yín ní ẹ̀gbọ́n. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, “ọ̀gbẹ́ni yẹn” ló ń pè yín lójú gbogbo ayé. Mi ò mọ iye tí mo lè ka ìyẹn sí. Ẹ̀yin lẹ bá a dàgbà. Ẹ wò ó bóyá ó tó yín.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ìdáhùn yín pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.