Bàbá, Ẹ Má Gba Ẹ̀bẹ̀ Lórí Pápá Bọ́ọ̀lù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfojúkanra. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Èbúté Mẹ́ta níbí, mo kí yín. Mo kí Màmá tó bí mi lọ́mọ, mo kí Ìyá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Mo kí Folúṣọ́ àbúrò mi. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbọ́ pé ó ti ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n kó má gbàgbé pé gíga kọ́ ni àgbà. Mo kí Tíṣà tí yóò ka ìwé tí mo kọ yìí sí yín létí láti inú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, sà.

Ìwé tí Tíṣà bá yín kọ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní àwọn ọmọ ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ bá àwọn ọmọ ilé ìwé Ìmàle gbá bọ́ọ̀lù ní Iléṣà, pé gbogbo àdúgbò sì fẹnu kò pé ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe rẹfirí, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń parí ìjà, ẹnikẹ́ni kì í sì í jáde nílé yín kó ní ẹ ṣègbè. Ẹ wá ní kí èmi tó ti ṣe é rí l'Ékòó sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí ẹní, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu mi. Rẹfirí tí mo ṣe yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, òun ló sì sọ mí di àlejò nínú ilé tí mo ń gbé.

Bàbá, ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó sọ nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ rélùwéè kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ni. Láti àárọ̀ la ti ń fi òòlù lu irin, tí ilẹ̀ bá sì ṣú, òòlù yẹn á ṣì máa dún létí mi lórí ẹní. Òjò ọdún yìí kò sì gbọ́ tẹnì kankan. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ ti di ọ̀gọ̀dọ̀. Bàtà kan ṣoṣo tí mo ní, ọwọ́ ni mo fi ń gbé e lọ, tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé mo ń jẹun o.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá yín lóhùn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rin pápá náà já. Ẹ ṣa òkúta, ẹ ṣa igo fífọ́, nítorí ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa fi sáré. Bí ọmọ kan bá wọ bàtà tí àwọn tó kù kò wọ̀, ẹ ní kó bọ́ ọ, ì báà ṣe ọmọ ọba. Ẹ ka iye wọn lápá méjèèjì, kí ẹ sì tún máa kà wọ́n lóòrèkóòrè, nítorí àwọn ọmọ máa ń pọ̀ sí i bí eré bá ṣe ń dùn sí i. Ẹ yá aago Tíṣà. Ẹ má fi fèrè sẹ́nu, ọwọ́ ni kí ẹ fi mú un. Tó bá ti wà lẹ́nu, ẹ ó ti fọn ọ́n kí ojú yín tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, fèrè tí wọ́n bá sì ti fọn kò ṣeé gbé mì. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá lọ ni kí ẹ máa sáré lọ, ẹ má dúró sábẹ́ igi máa nawọ́. Mo mọ orúnkún yín, torí náà ẹ máa rìn kánkán lọ sóko láti ìsinsìnyí.

Èyí tó le wá rèé. Nílé wa, tí ẹjọ́ bá dé, ẹ máa ń ní kí oníkálùkù jókòó. Ẹ ó gbọ́ tọ̀tún, ẹ ó gbọ́ tòsì, ẹ ó sì bá ẹni tó jàre wí díẹ̀ kí ojú má baà ti ẹlẹ́bi jù. Bàbá, ẹ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí pápá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Rẹfirí ní tirẹ̀ kì í tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan. Tí ẹ bá ní kí ọmọ kan rojọ́, gbogbo wọn ni yóò rojọ́, àwọn ìyá wọn náà á bá wọn dá sí i, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ fọn fèrè fún, kí ẹ nawọ́ síbi tó yẹ, kí ẹ sì yí ẹ̀yìn padà.

Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú mi.

Ẹ ó rántí Màmá onílé mi, opó tí mo sọ fún yín nípa rẹ̀ nínú ìwé mi àkọ́kọ́, tó fún mi ní yàrá nígbà tí mo dé tí n kò mọ ẹnì kankan. N kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ibà fi dá mi dùbúlẹ̀. Òun ló se àgbo, òun ló jókòó tì mí tó ń wò mí títí mo fi mu ún tán, tí mo bá fún ojú pọ̀ báyìí á fi ọwọ́ gbá mi lórí. Bí òjò bá ṣú tí mo wà níbi iṣẹ́, òun ló máa ń ká aṣọ mi kúrò lórí okùn. N kò bẹ̀ ẹ́ rí. Tí mo bá wọlé báyìí, màá bá aṣọ náà ní kíká lórí àpótí mi. Nígbà yẹn mo máa ń rò ó pé ibí yìí náà lè di ilé.

Màmá yìí ní ọmọ-ọmọ kan, Akin, tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Ọmọ náà já fáfá, ó mọ̀wé, ó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Òun ló máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sókè fún ìyá àgbà rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, nítorí Màmá kò mọ̀wé. Màmá á na ẹsẹ̀, á máa mi orí, bíi pé òun ló kọ ọ́.

Ní Sátidé kan báyìí, àwọn ọmọ ilé ìwé Akin bá àwọn ọmọ Muṣin pàdé ní pápá tó wà lẹ́bàá ojú irin. Ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ aránṣọ ni àwọn ọmọ Muṣin yìí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi tọ ojú irin wá, òbí kankan kò sì tẹ̀lé wọn. Tiwa ńkọ́, gbogbo àdúgbò ló jáde. Ọ̀gbẹ́ni tó máa ń ṣe rẹfirí kò lè dìde, àìsàn ń ṣe é, ni wọ́n bá gbé fèrè lé mi lọ́wọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù kí orúnkún mi tó yẹ̀. Ara mi yá gágá. Mo rò pé eré ọmọdé ni.

Eré náà lọ dáadáa títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Ẹnì kankan kò tíì jẹ góòlù. Òjò wíníwíní ti ń rọ̀. Ọmọ Muṣin kan wá gbá bọ́ọ̀lù sẹ́nu góòlù, aṣọ́lé ti ṣubú, Akin nìkan ló kù níbẹ̀. Mo wà nítòsí, Bàbá. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi gbá bọ́ọ̀lù náà padà. Mo fọn fèrè. Mo ní pẹnáritì ni, pé kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù síwájú góòlù kí ọmọ Muṣin kan gbá a, kó ku òun àti aṣọ́lé nìkan.

Akin bú sẹ́kún. Ó fi ìyá rẹ̀ tó ti kú búra pé àyà òun ni bọ́ọ̀lù bà. Ariwo ta. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, Màmá onílé ti ń la pápá bọ̀. Ó ní ọmọ òun kì í purọ́, ó ní kí n wo tòun mọ́ ọn lára, kí n dárí jì í. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdáríjì. Ni Màmá bá kúnlẹ̀, pẹ̀lú orí ewú, nínú ẹrẹ̀, níwájú gbogbo ènìyàn.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èmi náà nà gbalaja sínú ẹrẹ̀ kan náà pẹ̀lú fèrè lọ́wọ́, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Rẹfirí dọ̀bálẹ̀, ìyá àgbà kúnlẹ̀, àwọn ọmọ yí wa ká. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bi mí pé ta ni mo jẹ́ tí n kò fi ní gba ẹ̀bẹ̀. Mo ti fẹ́ gbà, Bàbá. Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́. Ìgbà náà ni Tìjání, ọmọ tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ Muṣin, wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò pariwo rárá. Ó ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ la fi ń ṣe é, wọn ì bá ti sọ fún àwọn kí àwọn tó kúrò nílé, nítorí àwọn kò mú ìyá kankan wá.

Mo dìde, mo gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Tìjání fúnra rẹ̀ ló gbá a. Ó gbá a gba orí òpó kọjá, ó wọ inú igbó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni eré ṣe parí, kò sẹ́ni tó jẹ góòlù, kò sẹ́ni tí wọ́n nà. Ohun tí mo torí rẹ̀ jẹ́ kí ìyá arúgbó fi orúnkún kan ẹrẹ̀ kò tilẹ̀ di góòlù.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí Màmá láàárọ̀, imú ló fi ń dáhùn. Kò lé mi jáde. Ì bá sàn kó lé mi. Àwọn ará ilé ń pa á lówe sí mi létí pé ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe. Òjò ń pa aṣọ mi lórí okùn. Tí mo bá dé lálẹ́, màá fún omi rẹ̀ dànù, màá tún un sá, màá wá jókòó ti ẹ̀kọ tí mo rà lọ́nà. Ènìyàn lè wà láàárín èrò tó pọ̀ báyìí kó má rí ẹni tí yóò sọ fún pé òjò yìí mà pọ̀ o. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá, Folúṣọ́ wà lára àwọn tí ẹ máa fọn fèrè fún. Màmá mi á wà létí pápá. Bí Folúṣọ́ bá fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ẹ fọn ọ́n, ẹ má wo ojú ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pe gbogbo àgbà jọ sẹ́yìn ìlà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, kó dúró kí eré parí, kó wá bá yín nílé, ẹ ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n á gbọ́ tiyín. Èmi kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, n kò mọ̀ pé ó yẹ ní sísọ.

N kò kábàámọ̀ fèrè náà. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni n kò lè gbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ ìwé yìí fún gbogbo ayé kà. Gbogbo Èbúté Mẹ́ta ló rí Màmá nígbà tó kúnlẹ̀, ó yẹ kí gbogbo wọn gbọ́ nígbà tí mo bá ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi kọ̀wé sí i, Bàbá, bí àgbà sí àgbà. Ẹ má sọ pé mo jàre, ẹ má sì sọ pé mo jẹ̀bi. Ẹ ṣáà sọ fún un pé ọmọ yín mọ iyì orúnkún àgbà, àti pé inú rẹ̀ kò dùn láti ọjọ́ náà.

Ìwọ Akin, tó ń ka èyí sókè fún Màmá lọ́wọ́lọ́wọ́, má fo ibí yìí. N kò bínú sí ẹ. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù fẹ́ wọlé lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á lọ síbẹ̀ kó tó mọ̀. Mo ti sọ ohun tí ojú mi rí. Tìẹ ló kù, Màmá ló sì jókòó níwájú rẹ yẹn.

Màá fọ ẹ̀wù mi kan, màá sá a sórí okùn kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé tí ìwé ìròyìn yìí bá jáde. Tí òjò bá rọ̀, tí mo sì dé tí mo bá ẹ̀wù náà ní kíká lórí àpótí mi, màá mọ̀ pé Akin kà á dé ìparí.

Kí Olúwa jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kí orúnkún yín le, kí fèrè yín dún re. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtọmọdé àtàgbà, àti àwọn ọmọ Ìmàle tí ẹ máa fọn fèrè fún, ẹ ní mo ní kí wọ́n gbá a dáadáa.

Èmi ni Ọlátúndé, ọmọ yín tí òjò ti sú, tó sì tún ń retí òjò.