Mo Kí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Kú Ìnáwó Lórí Jíìpù Tí Abẹ́ Rẹ̀ Ti Kán

Irọ́ ni mo pa. Ìkíni ni mo sì fi pa á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn, ìkíni lásán tí gbogbo wa ń kí ara wa lójoojúmọ́, mo tún kúnlẹ̀ kí n tó kí i. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé sí ojú ìwé ìròyìn yìí, mo mọ̀ yín, mo ti ń ka èsì tí ẹ ń fún àwọn ẹlòmíràn, ẹ fẹ́ràn ìwàásù jù. Ẹ má wàásù fún mi. Ẹ gbọ́ mi tán ná, kí ẹ wá sọ ohun tó yẹ kí n ṣe, nítorí kò sí ẹni tí mo lè bi ní gbogbo Àbújá yìí tí kò ní gbé e délé wa kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má béèrè orúkọ mi. Ará ìhà Kàbà ni mí, Nyanya ni mò ń gbé, sípéà páàtì ni mò ń tà. Mẹkáníìkì ni bàbá mi, abẹ́ mọ́tò ni mo dàgbà sí, kí n tó mọ gèlè é wé ni mo ti mọ gíábọ́ọ̀sì í tú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ìlú yìí ni àwọn kọ́ńpìnì tó ń la títì ti ń kó àwọn jíìpù ńláńlá wá, àwọn tó lè gun òkè, tó lè la odò kọjá. Tí iṣẹ́ wọn bá parí, wọ́n á tà wọ́n fún àwọn oníṣòwò, oníṣòwò á kùn ún lọ́dà tuntun, á wá pe iye tó bá wù ú. Àwọn tó fẹ́ rà á ló máa ń wá mi pé kí n bá àwọn wò ó, ṣé iye tí wọ́n pè é yẹn tọ́? Ọ̀dà àti rédíò ni àwọn ọkùnrin ń wò, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa mi orí bíi pé wọ́n rí nǹkan. Èmi, mo máa ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣíná sí i, nítorí tí ó bá ti gbóná kí n tó dé, á jẹ́ pé ó máa ń ṣagídí láàárọ̀, wọ́n ti tètè ṣíná sí i dè mí. Màá wo rọ́bà tó wà lójú bíréèkì, níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tó bá ti jẹ tán tí wọ́n ń sọ fún mi pé ọkọ̀ náà ò tíì rìn, mo mọ irú ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Màá ká kápẹ́ẹ̀tì sókè bóyá ẹrẹ̀ odò wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wọ abẹ́ rẹ̀, màá fi sípánà kan ṣáásì, irin gígùn méjì tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Irin tó bá dá ṣáká máa ń dún bí agogo. Èyí tó ti jẹrà kì í dáhùn. Iye tó yẹ kí èèyàn san, ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe lára ọ̀dà.

Ṣùgbọ́n obìnrin ni mí, mi ò lè dúró níwájú oníṣòwò kí n ní ọjà rẹ̀ ò dára. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa aṣọ ya mọ́ mi lára, wọ́n ní mo wá ba ọjà àwọn jẹ́. Látìgbà náà ni èmi àti àwọn tó ń mú mi lọ ti jọ ń lo ìkíni. Tí mo bá jáde lábẹ́ ọkọ̀ tí mo kí ẹni tó fẹ́ rà á pé ẹ kú ìdúró, ọkọ̀ náà ti bàjẹ́, kó máa lọ sílé ni. Tí mo bá yíjú sí ẹni tó ń tà á tí mo ní ẹ kú ọjà o, ọkọ̀ dára ṣùgbọ́n owó ti pọ̀ jù, kó máa nájà lọ. Tí mo bá kí ẹni tó fẹ́ rà á pé ẹ kú ìnáwó, ọkọ̀ dára, iye rẹ̀ sì tọ́, kó san án. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn oníṣòwò ò fura rárá, wọ́n rò pé ilé tí wọ́n ti kọ́mọ ni mo ti wá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló mú mi dé ibi tí mo wà yìí. Bùrọ̀dá là ń pè é, orúkọ tí mò ń pè é nínú ọkàn mi ò ṣe é kọ sínú ìwé ìròyìn. Dutse Alhaji ló ń gbé, òun ló kọ́kọ́ dé Àbújá nínú ẹbí wọn, òun ló bá ọkọ mi wá iṣẹ́, kò sì jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi, mo gbé omi fún un, ó wo èékánná mi níwájú gbogbo ará ìlú wa tó pé jọ, ó ní òun ò lè mu omi tó ń rùn bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Tí mo bá yẹ ọkọ̀ wò fún èèyàn tí ó sì dára, Bùrọ̀dá á máa sọ káàkiri pé àbúrò òun ló mọ mọ́tò, obìnrin wo ló fẹ́ mọ mọ́tò? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fara dà á, mò ń kúnlẹ̀, mò ń dáhùn sà, sà, sà. Ẹ jẹ́ n bi ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ọdún mélòó ló yẹ kí èèyàn fi fara dà á?

Nígbà tí òun náà wá fẹ́ ra jíìpù, ṣé ẹ rò pé ó bẹ̀ mí? Ó rán ọkọ mi sí mi pé kí n wá. Ọkọ mi ló ṣàlàyé ìkíni wa fún un kí a tó dé ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ Alájì kan, ará Ìlọrin, tó ń ta ọkọ̀ lójú ọ̀nà Bwari, la ti pàdé. Òjò ti rọ̀, gbogbo ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Jíìpù náà funfun, ó ń dán, kai, ó wu èmi náà lójú. Mo kúnlẹ̀ kí Bùrọ̀dá, kò dáhùn, ó kàn nawọ́ sí abẹ́ ọkọ̀ bíi pé ajá ló ń rán wọlé. Mo wọ inú ẹrẹ̀ yẹn tòun ti ìró tí mo ró lọ sọ́jà. Mo kan ṣáásì lápá ọ̀tún, ó dún. Mo kan tòsì, nítòsí táyà ẹ̀yìn... kò dáhùn. Kọ́ltà ni wọ́n fi kùn ún, kọ́ltà tí wọ́n ń dà sí títì. Mo fi èékánná tó ń rùn yìí ha á díẹ̀, mo sì rí i. Irin náà ti kán pátápátá, wọ́n jó o pọ̀, ẹni tó jó o ò tiẹ̀ jó o re. Owó ẹ́ńjìnnì àti ti táyà nìkan ló yẹ kí èèyàn san lórí ọkọ̀ yẹn, kí ó sì tú wọn lọ ni, kó má gùn ún dé oríta. Alájì ń pe iye ọkọ̀ tó dára. Ẹ kú ìdúró ló wà lẹ́nu mi. Ọlọ́run gbọ́, òun ló wà lẹ́nu mi, mo ti ń rá bọ̀ níta láti sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè orí mi, bàtà rẹ̀ ni mò ń wò. Ó ń sọ fún Alájì pé kó ní sùúrù, bóyá ìyàwó àwọn ń wá oyún tó sọ nù lábẹ́ mọ́tò.

Oyún tó sọ nù. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí oyún oṣù mẹ́fà wálẹ̀ lára mi, ọmọkùnrin ni, mo rí ojú rẹ̀. Alájì tí kò mọ̀ mí rí ò rẹ́rìn-ín, ó ní subhanallahi, ó yíjú sápá kejì. Ọkọ mi ń wo táyà. Ó wò ó títí bíi pé òun ló fẹ́ rà á. Mo jáde, mo nu ọwọ́ mi sára ìró, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú Bùrọ̀dá, mo ní ẹ kú ìnáwó, sà, ẹ ó lò ó pẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ló sanwó. Kò tilẹ̀ yọ kọ́bọ̀ kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí mi pé kì í ṣe irọ́, pé ìkíni ni mo kí, kó fi sítáǹbù rẹ̀ pamọ́, mo ti sọ ìyẹn fún ara mi tó. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe sọ ọ́, inú mi dùn fún oṣù kan gbáko. Mo máa ń rí jíìpù yẹn lọ́nà, ó kó èèyàn, ó kó bíríkì, ó ń tàdí bí àgbà olówó, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Lójú gbogbo ayé! Ìyàwó àwọn ló yan jíìpù fún òun, ojú ìyàwó àwọn ń rí abẹ́ irin, kò sí ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n tó o. Ìyìn tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án wá, orí ìwà ìkà mi ló ti fún mi, mo sì ń jẹ ẹ́, mò ń sọ pé ẹ ṣeun sà. Ó tún bí mi nínú ju èébú lọ.

Ibi tí ó ti wá yí mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Ìyàwó Bùrọ̀dá, ìyálé mi, kò ṣẹ̀ mí rí. Nígbà tí oyún mi wálẹ̀, òun ló wá láti Dutse Alhaji, ọjọ́ mẹ́fà ló fi sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ló fọ aṣọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀, kò jẹ́ kí n rí i. Òun fúnra rẹ̀ ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ti lóyún báyìí, ó ti pé oṣù méje. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, Bùrọ̀dá á gbé e sínú jíìpù yẹn lọ sí ọsibítù, lójú ọ̀nà tí kòtò rẹ̀ ju ọ̀nà lọ. Wọ́n yà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Mo ṣe bíi pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kọ́ltà náà ti là. Ojú ibi tí wọ́n jó ti ṣí, ìka mi wọ inú rẹ̀ dé oríkèé.

Mo kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo ní Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo abẹ́ jíìpù yín, òjò yìí ti pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kì í ṣe èmi náà ni mo ní ó dára ni, àbí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi jẹ lára òun? Mo wá jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Kò na mí, kò bú mi. Ó kàn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, nítorí Bùrọ̀dá á lé èmi padà sílé bàbá mi, á sì gba iṣẹ́ tó bá òun wá lọ́wọ́ òun. Ó ní bóyá irin náà á gbé e dé ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọkọ mi ò wọ jíìpù yẹn mọ́. Tí wọ́n bá ní kó bọ́ sínú rẹ̀, inú á máa run ún, tàbí kó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó ní kí n dákẹ́!

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ Bùrọ̀dá. Mi ò kúnlẹ̀ fún un mọ́, orúnkún mi ti bó. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni èyí, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́. Lánàá mo rí ọ̀nà mìíràn. Mo ní màá lọ bá ìyálé mi nìkan. Màá sọ fún un pé mo lá àlá búburú nípa oyún rẹ̀, kó má wọ jíìpù yẹn mọ́ títí yóò fi bímọ, kó máa wọ bọ́ọ̀sì. Á gbà, ó máa ń bẹ̀rù àlá. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ṣáásì rárá, Bùrọ̀dá á sì máa wakọ̀ rẹ̀ lọ, òun nìkan... Bí mo ṣe rò ó dé ibẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo sùn. Láti ọjọ́ tí oyún mi ti wálẹ̀, mi ò sun irú oorun bẹ́ẹ̀ rí, oorun náà dùn, oorun náà sì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n tún ń lọ. Kí ni kí n ṣe? Ta ni kí n sọ fún, kí sì ni kí n sọ? Tí mo bá yọ obìnrin yẹn àti ọmọ inú rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, tí mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkùnrin náà sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀mí ni mo gbà là ni, àbí ẹ̀mí ni mo pa?